Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍNÚ KÙTÀ



Àwọn àgbà a máa wí pé: Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tí ó gbé e ṣubú, kí ó má baà tún fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ lọ́la. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nídìí òwò. Kò sí ẹni tí ń tajà tí ọjà rẹ̀ kì í kùtà nígbà mìíràn. Oníbàárà a dé, a fọwọ́ kan ọjà, a béèrè iye rẹ̀, a sì kọjá lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. A ó ní ọjà kò yá lónìí, tàbí kí a ní oníbàárà náà kò mọ ohun tí ó dára, tàbí kí a ní ọ̀tá ni ó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí ọjà títà mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò pọ̀. Ọjà tí a rí tà ń fún wa ní owó. Ọjà tí a kò rí tà ń fún wa ní ìmọ̀, bí a bá lè béèrè. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò ní wúlò bí ó bá dúró sí ìsọ̀: ó ní láti padà lọ sí àká, kí ó sì ti àká dé oko, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè tún nǹkan ṣe. A ó fi àpẹẹrẹ mẹ́ta ṣe àlàyé rẹ̀: èkíní kékeré, láti inú ọjà ìlú Ouagadougou níhìn-ín, èkejì ńlá, láti oko òwú Burkina Faso, ẹ̀kẹta láti Nàìjíríà.

ÌYÁ TÍ Ń SE Ẹ̀WÀ

Nígbà tí mo jáde ní ilé ìwé girama, kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ ìròyìn yìí, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni mo wà ní Ouagadougou, tí mo ń bá a ta ẹ̀wà àti jéró. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ilẹ̀ yìí mọ̀ pé àwo ìwọ̀n kan wà tí a fi ń ta ọkà, tí ohun tí ó ń gbà lé ní kílò méjì, tí àwọn ènìyàn sì ń pè ní “yoruba”. Àbúrò bàbá mi a máa fi orúkọ àwo yìí yangàn. A máa wí pé àwọn tí ó ṣáájú wa dé ilẹ̀ yìí ta ọjà títí orúkọ ẹ̀yà wa fi di orúkọ òṣùwọ̀n, nítorí náà ẹnikẹ́ni tí ó bá wọn ọkà ní ìsọ̀ òun gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n kún. Lóòótọ́, òṣùwọ̀n wa kún.

Ìyá kan wà tí ń se ẹ̀wà tà lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní benga. Lọ́dọ̀ wa ni ó ti ń ra ẹ̀wà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan kò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá, kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo rí i tí ó gbé àpò kọjá níwájú wa, tí ó sì rà ní ìsọ̀ kejì sí tiwa. Nígbà tí mo kí i tí mo béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀wà yín ti wọ́n jù, ọmọ mi.” Mo gbà á gbọ́. Mo ròyìn fún àbúrò bàbá mi, a sì dín owó. Síbẹ̀ kò padà. A dín in lẹ́ẹ̀kejì, kò padà, àwa sì ti ń ta ẹ̀wà ní iye tí èrè rẹ̀ kò tó owó ọmọlanke.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni ó gbọ́n jù wá lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó lọ sí ibi tí ìyá náà ti ń tà, ó jókòó lórí àga rẹ̀, ó ra àwo ẹ̀wà kan, ó sì jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn èyí ni ó wá wí pé, “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀wà yín rọ̀, ó sì dùn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni tiwa kò ní tí èyí ní?” Nígbà náà ni òtítọ́ jáde. Ìyá náà ní, “Òṣùwọ̀n yín kún, ẹ̀wà yín sì dára lójú. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e kaná, apá kan rẹ̀ a rọ̀, apá kejì a le bí òkúta. Àwọn òṣìṣẹ́ a ti dé ní kùtùkùtù kí ìkòkò mi tó sọ̀ kalẹ̀. Igi tí mo fi ń se ẹ̀wà yín ti jẹ èrè mi.”

Nígbà tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ yìí délé, èmi ni ojú tì jùlọ, nítorí pé ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Ẹ̀wà èṣí ṣẹ́kù nínú àká wa, a sì rò pé kí ó má baà ṣòfò, kí a dà á mọ́ tuntun. Ẹ̀wà tí ó bá pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin a máa le, kì í sì í tètè jinná. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n iná mọ̀ ọ́n. A rò pé a ti rí ọgbọ́n dá sí òfò kékeré. A kò mọ̀ pé oníbàárà ni a fi ń san án.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ya ẹ̀wà èṣí sọ́tọ̀. A ń tà á ní owó kékeré fún àwọn tí ń dín àkàrà tí wọ́n ń pè ní samsa, a sì ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wọn láìfi pamọ́. Àwọn a máa rẹ ẹ́ sínú omi, wọn a bó èèpo rẹ̀, wọn a sì lọ̀ ọ́. Líle rẹ̀ kò sì dí wọn lọ́wọ́ tó bí ó ti dí alásè lọ́wọ́. A dá owó ẹ̀wà tuntun padà sí iye tí ó yẹ ẹ́. Ní ti ìyá náà, kò padà lọ́jọ́ kan. Àwo kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ rà láti dán wa wò, oṣù mélòó kan sì kọjá kí ó tó tún máa ra àpò.

Ẹ wo iye ohun tí ó wà nínú kùtà kékeré yìí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí oníbàárà sọ kọ́ ni òtítọ́. “Ó wọ́n” ni ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn jù fún ẹni tí kò fẹ́ dójú tì wá. Bí a bá dúró lórí rẹ̀, a ó máa dín owó títí a ó fi jẹ gbèsè, àlébù náà yóò sì wà níbi tí ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìrẹ̀lẹ̀ jókòó ti oníkàn ni yóò gbọ́ ọ.

FỌ́NRÁN ÒWÚ TÍ Ó KÚRÚ

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nídìí àwo ẹ̀wà kan lè ṣẹlẹ̀ sí odindi orílẹ̀-èdè. Nínú gbogbo irè oko tí Burkina Faso ń tà sí òkèèrè, òwú ni ọ̀gá. Ní 2004 ni a pín ilẹ̀ òwú fún ilé iṣẹ́ mẹ́ta: SOFITEX, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Bobo-Dioulasso, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, Faso Coton ní àárín gbùngbùn, àti SOCOMA ní ìhà ìlà-oòrùn. Òwú ilẹ̀ yìí lórúkọ láàárín àwọn olùrà. Ọwọ́ ni a fi ń ká a, kì í ṣe ẹ̀rọ, fọ́nrán rẹ̀ sì gùn. Fọ́nrán tí ó gùn ni ó ń fún ilé iṣẹ́ ìrànwú ní okùn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì lágbára. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń retí lọ́wọ́ òwú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni íǹṣì 1 àti ìdá kan nínú mẹ́jọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí mìlímítà 28 sí 29.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ òwú ní ìṣòro tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn kòkòrò tí ń jẹ èso òwú bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sí oògùn. Àgbẹ̀ a máa fín oògùn tó ìgbà 6 láàárín àkókò kan, pẹ̀lú owó àti ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 2003 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í dán irúgbìn òwú kan wò pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Monsanto ti Amẹ́ríkà, irúgbìn tí àwọn onímọ̀ ti fi ohun tí ń pa kòkòrò sínú ẹ̀dá rẹ̀. Ní 2008 a fún àwọn àgbẹ̀ láṣẹ láti gbìn ín fún títà. Ìgbà 6 tí wọ́n ń fín oògùn di ìgbà 2. Ìkórè pọ̀ sí i, inú àwọn àgbẹ̀ sì dùn. Nígbà tí ó fi di 2014, irúgbìn tuntun yìí ti gba nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá gbogbo ilẹ̀ òwú.

Ní ìdí ẹ̀rọ tí ń ya òwú kúrò lára kóró ni wàhálà ti hàn. Fọ́nrán irúgbìn tuntun náà kúrú ju ti ìṣáájú lọ. Bákan náà, bí a bá kó ìwọ̀n òwú oníkóró kan náà sínú ẹ̀rọ, òwú tí ń jáde kò tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn olùrà ní òkèèrè kò wá sí abúlé láti bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n wọn fọ́nrán, wọ́n sì dín owó. Orúkọ tí a fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Níkẹyìn àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pinnu láti padà sí irúgbìn àtijọ́: wọ́n kọ́kọ́ dín ilẹ̀ irúgbìn tuntun kù, nígbà tí ó sì fi di àkókò ìgbìn 2016, wọ́n ti fi í sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n béèrè bílíọ̀nù 48 owó sẹ́fà lọ́wọ́ Monsanto fún àdánù wọn, ìhà méjèèjì sì parí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àdéhùn ní 2017.

A kò sọ èyí láti fi bú irúgbìn tuntun tàbí ẹni tí ó mú un wá. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fiyè sí ni pé òtítọ́ méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àgbẹ̀ sọ òtítọ́ nígbà tí ó ní irúgbìn náà dára: ó dín oògùn fífín kù fún un, ó sì fi kún ìkórè rẹ̀. Olùrà pẹ̀lú sọ òtítọ́ nígbà tí ó ní òwú náà kò dára tó ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó dára nínú oko lè má dára lójú oníbàárà.

Èé ṣe tí àgbẹ̀ kò fi tètè mọ̀? Nítorí pé kílò ni a fi ń san owó fún un. Wọ́n a fi ojú wo òwú rẹ̀ bóyá ó funfun tí ó sì mọ́, wọn a pè é ní ipò kìn-ín-ní tàbí ipò kejì, wọn a sì gbé e ka òṣùwọ̀n. Kò sí ohun kan nínú òṣùwọ̀n náà tí ó lè sọ fún un bí fọ́nrán ti gùn tó. Oníbàárà ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn dé abúlé. Nígbà tí ó sì wá dé, ó dé gẹ́gẹ́ bí àṣẹ pé kí àgbẹ̀ padà sí irúgbìn àtijọ́, kí ó sì tún gbé ìgò oògùn kọ́ èjìká. Àgbẹ̀ tí kò gbọ́ ẹjọ́ ni ó gba ìdájọ́.

Ẹ̀WÀ TÍ YÚRÓÒPÙ DÁ PADÀ

Nínú ọ̀rọ̀ òwú, oníbàárà dín owó. Nígbà mìíràn a máa ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹfà 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù pàṣẹ pé kí a má ṣe kó ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà wọ ilẹ̀ wọn mọ́ fún ọdún kan. Ìdí rẹ̀ ni oògùn apakòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ dichlorvos. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà láàyè kò ju mìlígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan. Nínú ẹ̀wà tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n rí láti 0.03 títí dé 4.6. Nígbà tí ọdún náà pé, wọ́n fa àṣẹ náà síwájú títí di 2019, lẹ́yìn náà títí di 2022.

Kò sí ẹni tí ó gbin májèlé sínú oko ẹ̀wà. Nínú àká ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò ẹ̀wà a máa ti oko bá ẹ̀wà wálé, a sì máa bí sí i nínú àpò títí ẹ̀wà yóò fi di ìyẹ̀fun. Oníṣòwò tí ó ń bẹ̀rù àdánù yìí a ra oògùn tí ó tètè ń pa kòkòrò, a sì fọ́n ọn sínú àpò láìsí òṣùwọ̀n. Ó rò pé òun ń dáàbò bo ọjà òun. Ẹ kíyè sí i pé èrò tí ó gbé àwa ṣubú pẹ̀lú ẹ̀wà èṣí nìyí: a fẹ́ sá fún òfò kékeré, a sì bọ́ sínú òfò ńlá.

Ohun tí ó burú jù nínú irú kùtà yìí ni pé kò mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni búburú. Àgbẹ̀ tí kò fọwọ́ kan oògùn rí pàdánù ọjà Yúróòpù pẹ̀lú ẹni tí ó da ìgò oògùn sínú àpò. Nítorí náà ẹ má ṣe wí pé àlébù aládùúgbò yín kò kàn yín. Lójú oníbàárà tí ó wà lókèèrè, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń jẹ́.

Ẹ̀kọ́ jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2019 àjọ NAFDAC ti Nàìjíríà fòfin de títa ìgò kéékèèké oògùn yìí. Àti ní tòótọ́, ọ̀nà tí a lè gbà tọ́jú ẹ̀wà láìsí oògùn ti wà ṣáájú ìgbà náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bá àwọn àgbẹ̀ Kamẹrúùnù ṣe ìwádìí àpò onípele mẹ́ta, tí a mọ̀ sí PICS. Láti 2007 ni a ti ń tàn án kálẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Burkina Faso pẹ̀lú. Àpò ọ̀rá méjì ni ó wà nínú, àpò híhun kan sì wà lóde. Kí ẹ gbẹ ẹ̀wà dáadáa, kí ẹ rọ ọ́ sínú àpò ọ̀rá àkọ́kọ́, kí ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ so ó pinpin. Kí ẹ so èkejì bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì so ti òde. Kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀ yóò mí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó kù tán, kò ní lè bí sí i mọ́, yóò sì kú. Ẹ rí i pé eku kò dá àpò náà lu.

TA NI YÓÒ GBÉ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ DÉ OKO?

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lè rántí ayẹ̀kòkówò. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko wà níbẹ̀, olùyẹ̀wò a máa la kókó. Ìlànà tí a mọ̀ káàkiri ayé ni pé kí a la hóró 300. Bí èyí tí ó bu bá ju 3 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, kókó náà kò lè wà ní ipò kìn-ín-ní. Kò sí àgbẹ̀ tí ó fẹ́ràn ọ̀bẹ olùyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ náà ni ó ń mú ọ̀rọ̀ oníbàárà tí ó wà lókè òkun wá sí abúlé, kí kókó tó kúrò nílẹ̀. Ní 1986 ìjọba Nàìjíríà tú àwọn ìgbìmọ̀ náà ká. Owó tí ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ lọ sókè, inú wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ra kókó pọ̀, wọ́n ń sáré, wọ́n sì ń ra tútù àti gbígbẹ pọ̀. Kò pẹ́ tí kókó Nàìjíríà fi sọ ipò rẹ̀ nù, tí àwọn olùrà òkèèrè sì ń dín owó rẹ̀.

A kò wí pé gbogbo ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ àtijọ́ ṣe ni ó dára. Àgbẹ̀ ní ẹ̀sùn lọ́wọ́ sí wọn, pàápàá nípa owó. Ohun tí a ń wí ni pé níbikíbi tí àgbẹ̀ àti oníbàárà bá jìnnà síra wọn, ẹnì kan ní láti wà láàárín tí yóò máa gbé ọ̀rọ̀ kùtà padà. Ìyẹn ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín, ìyẹn ni iṣẹ́ ẹni tí ń ra ọjà lọ́wọ́ yín, ìyẹn náà sì ni iṣẹ́ àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn yìí. Bí ẹ bá kó ọjà lọ tí wọ́n dín owó yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí rẹ̀. Ẹ má ṣe gba owó tí kò ní àlàyé.

BÍ A TI Ń KỌ́ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọjà títà, àti fún ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ́ kí ọjà yín gbèrú, ìmọ̀ràn wa nìyí:

Èkíní, ẹ béèrè kí oníbàárà tó lọ, kí ẹ sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ẹ bá wí pé, “Èé ṣe tí ẹ kò fi rà á?” yóò dà bí ẹni pé ẹ ń bá a jà. Ẹ kúkú wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, kí ni à bá ṣe tí ọjà yìí ì bá fi wù yín?” Kí ẹ má sì ṣe gbèjà ara yín nígbà tí ó bá ń dáhùn. Ẹni tí ó bá ń ro ẹjọ́ kò lè gbọ́ràn.

Èkejì, bí ó bá wí pé ọjà yín wọ́n, ẹ má ṣe tètè dín owó. Ẹ lọ wo èyí tí ó rà níbòmíràn. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sè é bí ó bá jẹ́ oúnjẹ. Ó lè jẹ́ owó ni lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ ìmọ́tótó, òṣùwọ̀n, gbígbẹ, àkókò, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ yín tí ó dúró nídìí ìsọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ ní ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́, ẹ kọ ọjà tí ẹ kò rí tà, iye rẹ̀, àti ohun tí oníbàárà wí, bí ó ti wí i gan-an. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí ẹ ka ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo sọ lè jẹ́ ti ẹnu tirẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn márùn-ún tí kò mọ ara wọn bá sọ, òtítọ́ ni.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo kùtà ni ó ní ẹ̀kọ́ nínú. Ẹlòmíràn a ná ọjà láìní owó lápò. Ẹlòmíràn a fẹ́ mọ iye rẹ̀ nìkan. Oṣù mìíràn wà tí owó kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí pé ìkórè kò tíì wọlé. Bí ẹ bá torí irú èyí yí ọjà yín padà, ẹ ó ba ohun tí kò bàjẹ́ jẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún nǹkan ṣe, ẹ tún ẹyọ kan ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá dín owó, tí ẹ pààrọ̀ àpò, tí ẹ sì yí ibi ìsọ̀ padà lọ́jọ́ kan náà, tí ọjà wá yá, ẹ kò ní mọ èyí tí ó ṣe é nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀kẹfà, ẹ padà tọ oníbàárà náà lọ, kí ẹ wí fún un pé, “Ohun tí ẹ sọ, a ti ṣe é.” Ẹ má ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rà, ẹ kàn sọ fún un. Bí kò bá tilẹ̀ padà, yóò sọ fún ẹlòmíràn pé ẹni tí ń gbọ́ràn ni yín.

Èkeje, ẹ mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Ẹ má ṣe fi kùtà pamọ́ bí ẹni tí ń fi àrùn pamọ́. Bí àgbẹ̀ mẹ́wàá bá jókòó tí olúkúlùkù sì sọ ọjà kan tí kò rí tà àti ìdí rẹ̀, ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ni gbogbo yín yóò mú lọ sílé, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni olúkúlùkù san owó rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, owó tí ó bọ́ lọ́wọ́ wa nínú òwú, nínú ẹ̀wà àti nínú kókó kò ní padà. A ti san owó ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí ó kù ni kí a gba ẹ̀kọ́ tí a san owó rẹ̀. Àwo tí ń jẹ́ orúkọ wa ṣì wà nínú ọjà ilẹ̀ yìí. Ní ìsọ̀ wa nígbà náà ó kún, síbẹ̀ ìyá tí ń se ẹ̀wà kọjá lọ, nítorí pé ohun tí a rọ sínú rẹ̀ kò jẹ́ ohun kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún gbé e lé ìsọ̀ yín lọ́la, kí ó kún, kí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ sì rí bí èyí tí ó wà lókè. Bí oníbàárà bá sì tún kọjá, ẹ rọra pè é, kí ẹ béèrè. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Kí oko ó so, kí ọjà ó yá.